Ewé Ni Oòrùn Kọ́kọ́ Yà

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1843, obìnrin kan tó ń gbé ní Halstead, ní ẹkùn Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò fọwọ́ kan ìwé náà. Aláwọ̀ aró ni gbogbo ojú ìwé rẹ̀, ewéko inú òkun kan sì tẹ́ sí àárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó funfun, ó tóbi gan-an bó ṣe tóbi lọ́wọ́ ẹni tó ṣà á létí omi. Orúkọ ewéko náà lédè Látìn wà nísàlẹ̀, òun náà funfun, ọwọ́ obìnrin yìí ló sì kọ ọ́. Anna Atkins ni wọ́n ń pè é. Ìwé rẹ̀, Photographs of British Algae: Cyanotype Impressions, ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ìwé àkọ́kọ́ lágbàáyé tó jẹ́ pé fọ́tò ni àwòrán inú rẹ̀. Kò sì lo kámẹ́rà rárá.

Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ fọ́tò, fóònù ló ń sọ sí wa lọ́kàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé fọ́tò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kámẹ́rà olówó gọbọi ló ń wá, yóò wá ọkọ̀ lọ sí ibi tí erin tàbí òkè ńlá wà. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí kò rìn jìnnà. Ewé inú ọgbà wọn ni wọ́n já, àti ìyẹ́ ẹyẹ, ìyẹ́ apá kòkòrò, koríko etí ọ̀nà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí pépà tí wọ́n ti fi kẹ́míkà kùn, wọ́n gbé e sóòrùn, wọ́n sì dúró. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀nà àtijọ́ yẹn kò tíì kú, ó sì yẹ kó wà lọ́wọ́ àwa tí oòrùn kò wọ́n lọ́dọ̀ wa, tí àwọn ọmọ wa sì ń kọjá lára ewé ogún lójúmọ́ láìmọ orúkọ ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ kó tó kan Atkins. Ní ọdún 1802, Thomas Wedgwood, ọmọ Josiah Wedgwood oníṣẹ́ amọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Humphry Davy, gbé ìròyìn kan jáde nínú ìwé Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti rí i pé bí èèyàn bá yọ́ silver nitrate, ọ̀kan lára àwọn iyọ̀ tí wọ́n ń fi fàdákà ṣe, sínú omi, tó fi kun pépà tàbí awọ funfun, oòrùn yóò sọ pépà náà di dúdú. Bí wọ́n bá gbé ewé tàbí ìyẹ́ apá kòkòrò lé e, abẹ́ rẹ̀ yóò wà ní funfun. Àwòrán dé nìyẹn. Àmọ́ kò ṣeé mú dúró. Wọn kò rí ohun tí yóò gba ìyókù fàdákà náà kúrò lára pépà, nítorí náà bí ìmọ́lẹ̀ bá tún kàn án, ibi tó funfun náà á dúdú, gbogbo rẹ̀ á sì parẹ́. Lábẹ́ àbẹ́là, nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ni wọ́n ti ń wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó ń ká mi lára bí mo bá rántí rẹ̀: ewé tí oòrùn kọ́kọ́ yà, oòrùn kan náà ló pa á rẹ́.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí William Henry Fox Talbot tó rí ọ̀nà. Ọlọ́rọ̀ ni, ó gbọ́n nínú ìṣirò, ó sì fẹ́ràn ewéko débi pé ó wà lára ọmọ ẹgbẹ́ Linnean Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ewéko àti ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwòrán yíyà lọ́wọ́ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1833, òun àti ìyàwó rẹ̀ wà létí adágún Como ní Ítálì. Ó mú camera lucida dání, dígí kékeré kan tó ń jẹ́ kí ayàwòrán rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ó wà lórí pépà, kó lè máa tọ ipa rẹ̀. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ yẹn náà, ohun tó yà kò jọ ohun tó rí. Ibẹ̀ ló ti bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé ìmọ́lẹ̀ kò lè ya ara rẹ̀ sórí pépà, kí ọwọ́ òun má tilẹ̀ sí níbẹ̀ ni?

Nígbà tó padà sí ilé rẹ̀, Lacock Abbey ní Wiltshire, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1834. Ó rẹ pépà sínú omi iyọ̀, irú iyọ̀ tí a ń sè lọ́bẹ̀ yìí gan-an, ó jẹ́ kó gbẹ, ó sì fi silver nitrate kùn ún. Iyọ̀ àti fàdákà pàdé lára pépà, wọ́n di ohun tuntun tó ń tètè gba ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ṣàkíyèsí tẹ̀ lé èyí ló jọ mí lójú jù. Bí iyọ̀ bá mọ níwọ̀n, pépà náà á yára dúdú. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, kò ní gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ dáadáa. Ni Talbot bá fi iyọ̀ díẹ̀ ya àwòrán, ó fi iyọ̀ púpọ̀ dá a dúró. Àwòrán ewé tó yà nígbà náà ní oríṣiríṣi àwọ̀, òmíràn pupa rúsúrúsú, òmíràn elésè àlùkò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1834, Laura Mundy, arábìnrin ìyàwó rẹ̀, kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn òjìji ẹlẹ́wà tó fi ránṣẹ́, nítorí àwọn ti ìṣáájú ti ń parẹ́ mọ́ ọn lójú.

John Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀, ló wá yanjú ìṣòro píparẹ́ yẹn. Láti ọdún 1819 ló ti mọ̀ pé kẹ́míkà kan wà, èyí tí àwọn fọtógiráfà ń pè ní hypo títí dòní, tó ń yọ́ iyọ̀ fàdákà kúrò lára ohun tó bá lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìròyìn fọ́tò gba ìgboro ní ọdún 1839, ó rántí rẹ̀, ó dán an wò, ó sì sọ fún Talbot. Ọdún yẹn gbóná. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ni wọ́n kéde iṣẹ́ Louis Daguerre ní Paris, pé ó ti lè fi kámẹ́rà ya àwòrán sórí bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Talbot, tí kò tíì sọ tirẹ̀ fún aráyé, sáré kó àwọn àwòrán rẹ̀ jọ, ó sì lọ fi wọ́n hàn ní Royal Institution ní ọjọ́ 25 oṣù kan náà. Ewé àti òdòdó wà lára ohun tó kó lọ.

Ní ọdún 1839 yìí kan náà ni Talbot bá William Jackson Hooker sọ̀rọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ewéko ní Glasgow, pé kí àwọn méjèèjì jọ ṣe ìwé kan lórí ewéko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí fọ́tò yóò wà nínú rẹ̀. Ó fi àwòrán òdòdó Campanula kan ránṣẹ́ sí i. Hooker fèsì pé ó dùn ún wò, àmọ́ kò fi bí òdòdó náà ṣe wú hàn, kò sì fi iṣan ewé hàn kedere. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Bí ewé bá nípọn, etí rẹ̀ nìkan ni oòrùn ń tọ̀; inú rẹ̀ á funfun lásán. Ẹni tó fẹ́ mọ bí òdòdó ṣe rí nínú kò lè fi òjìji ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìtàn fọ́tò fo ọ̀rọ̀ Hooker yìí kọjá, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kò ní mọ ìwọ̀n ọgbọ́n tí Anna Atkins lò. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀ ná; ohun tó bá ọ̀nà náà mu ni kò tíì sí ẹni tó wá a rí.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ Herschel, nítorí òun ló fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́.  Láàárín ọdún 1834 sí 1838, òun àti ìyàwó rẹ̀ Margaret gbé ní ìlú Cape ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tó ti ń wo ojú ọ̀run. Ní ojúmọmọ, tí ìràwọ̀ kò sí níta, òdòdó ilẹ̀ náà ni àwọn méjèèjì máa ń yà: ọkọ á fi camera lucida fa ìlà rẹ̀, ìyàwó á kùn ún. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ó kó wọnú ìwádìí bí oòrùn ṣe ń ba àwọ̀ jẹ́. Ó ń fún omi òdòdó àti ewé sórí pépà, á gbé e sóòrùn, á máa wo ìgbà tí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí. Nínú ìwádìí yìí ni ọ̀nà méjì ti jáde ní ọdún 1842. Ọ̀kan ni èyí tí a ń pè ní anthotype lónìí, tó jẹ́ pé omi ewé nìkan ló ń ya àwòrán. Èkejì ni cyanotype, èyí tó lo irin dípò fàdákà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Kẹ́míkà méjì ni: ferric ammonium citrate àti potassium ferricyanide. Wọ́n á yọ́ wọn sínú omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á pò wọ́n pọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀, wọ́n á fi kun pépà. Ìtànṣán oòrùn tí ojú wa kò rí, èyí tó ń jó awọ ara, ló ń yí irin inú rẹ̀ padà. Irin tó ti yí padà yìí á bá kẹ́míkà kejì lò pọ̀, wọ́n á di aró kan tí àwọn akunlé àti ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Berlin. Aró yẹn kì í yọ́ nínú omi. Ibi tí oòrùn kò dé kò ní yí padà, omi lásán á sì ṣàn án lọ. Ẹni tó bá ti rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo ti mọ bó ṣe ń rí: ibi tí ẹ̀kọ bò ni aró kò lè wọ̀. Níbi iṣẹ́ Herschel, ewé ló dúró ní ipò ẹ̀kọ. Kò sí fàdákà tó wọ́n, kò sí hypo. Pépà, irin, oòrùn, omi, ó parí.

Ọdún 1799 ni wọ́n bí Anna ní Tonbridge. Ìyá rẹ̀ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn tó bí i. Bàbá rẹ̀, John George Children, tó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum, ló tọ́ ọ dàgbà, ó sì kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1823, nígbà tí bàbá rẹ̀ túmọ̀ ìwé Lamarck nípa ìkarahun, ọwọ́ Anna ló ya àwòrán inú rẹ̀, ó lé ní 250. Nítorí náà, kò dà bíi Talbot tó sá fún àwòrán nítorí kò mọ̀ ọ́n yà. Ó mọ̀ ọ́n yà dáadáa, ó sì mọ ibi tí agbára ọwọ́ pin sí. Ní ọdún 1839, Botanical Society of London gbà á wọlé, nítorí ẹgbẹ́ náà kò ti obìnrin síta. Royal Society, tí bàbá rẹ̀ àti Herschel àti Talbot wà nínú rẹ̀, kò gba obìnrin kankan wọlé títí di ọdún 1945.

Ní ọdún 1841, William Harvey tẹ ìwé kan jáde nípa ewéko inú òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dára, ó kún, àmọ́ kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Atkins pinnu láti fi àwòrán ti ìwé náà lẹ́yìn. Ó ṣàlàyé nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé àwọn ewéko òkun mìíràn kéré, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó ṣòro kí èèyàn fi ọwọ́ yà wọ́n bí wọ́n ṣe rí gan-an, ìyẹn ló jẹ́ kí òun lo ọ̀nà Herschel. Ẹ wo ohun tó yàn. Ewéko inú òkun fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá tutù, ó ń tẹ́ sórí pépà pẹrẹsẹ. Oòrùn kò ya etí rẹ̀ nìkan. Ó ya ibi tó ti nípọn ní funfun, ibi tó ti fẹ́lẹ́ ní aró tó mọ́ díẹ̀, ibi tí ewé kan ti gun orí èkejì náà sì hàn. Ohun tí Hooker ní kò sí nínú òdòdó Talbot, ó wà níbí. Kí orúkọ wọn lè hàn pẹ̀lú, ó kọ ọ́ sórí pépà tó ti fi òróró rẹ kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá, ó sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewéko náà. Oòrùn ya ewé, ó ya orúkọ ewé, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe é, láti 1843 dé 1853. Ẹ̀dà tó pé ní ojú ìwé bíi 400, ó sì ṣe ẹ̀dà púpọ̀. Kò sí fíìmù tí yóò kàn máa tẹ̀ léraléra. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, pépà kan ni tí wọ́n kùn, tí wọ́n gbé ewé lé, tí wọ́n gbé sóòrùn, tí wọ́n fọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Nílẹ̀ tí ìkùukùu kì í fẹ́ kúrò lójú ọ̀run! Mo máa ń fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé kò sí ohun èlò fún iṣẹ́ ọnà nílẹ̀ wa rò ó dáadáa.

Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1852, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Anne Dixon, wá bá a gbé fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe àwọn ìwé mìíràn nípa òdòdó àti nípa ewéko tí kì í yọ òdòdó, tí ewé rẹ̀ rí bí ìyẹ́ ẹyẹ, irú èyí tó máa ń hù lára ọ̀pẹ nílé wa. Àwọn kan lára ewé wọ̀nyí ní orúkọ Jamaica nísàlẹ̀ wọn. Ọkọ Anna, John Pelly Atkins, jẹ́ oníṣòwò tó ń bá àwọn erékùṣù West Indies ṣòwò, ọrọ̀ àwọn erékùṣù yẹn sì wá láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, tí wọn kò rí òmìnira gbà pátápátá títí di ọdún 1838. Ewé kò ṣẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì rẹwà. Síbẹ̀, àwa tí a jẹ́ ẹbí àwọn tí wọ́n kó lọ kò gbọdọ̀ ka orúkọ yẹn kí a má rántí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí ewé náà ti hù.

Atkins kú ní ọdún 1871. Nínú ìwé rẹ̀, lẹ́tà méjì péré ló fi sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, A.A., nígbà tó sì fi máa di ìparí ọ̀rúndún náà, ẹni tó rí ìwé yìí rò pé ẹnì kan tó ń fi fọ́tò ṣeré, tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun, ló ṣe é. Ìwádìí Larry Schaaf, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1985, wà lára ohun tó dá orúkọ rẹ̀ padà sí ẹnu àwọn èèyàn. Ẹ̀dà tó ṣẹ́kù lónìí kò pọ̀. Èyí tó fún Herschel fúnra rẹ̀ wà ní New York Public Library, níbi tí wọ́n ti ṣe àfihàn ńlá lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2018. Aró náà ṣì wà níbẹ̀.

Cyanotype náà bá ọ̀nà mìíràn lọ. Àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbà á, nítorí pé ó rọrùn láti fi ṣe ẹ̀dà pláànù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ blueprint ti wá. Àwọn díẹ̀ ló ń fi ya ewé lọ. Bertha Jaques, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé ní Chicago, wà lára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó fi ọ̀nà yìí ya òdòdó igbó, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tó ń jà kí wọ́n má baà pa àwọn òdòdó náà run. Ìdí tó fi yà wọ́n nìyẹn, ìdí náà sì tó.

Ó wá ku àwa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe cyanotype ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ lónìí lè ra kẹ́míkà méjèèjì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́míkà ilé-ẹ̀kọ́. Gíráàmù 25 ferric ammonium citrate nínú mílílítà omi 100, gíráàmù 10 potassium ferricyanide nínú mílílítà omi 100 mìíràn. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ bù nínú méjèèjì nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Pépà ìyàwòrán tó nípọn ló dára. Aṣọ òwú funfun náà gbà á. Ẹ kùn ún nínú yàrá tí a ti fa kọ́tìnì rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú òkùnkùn. Ẹ tẹ́ ewé sí i, ẹ fi dígí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e síta. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan tiwa, bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bo ojú ọ̀run, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pépà náà á kúrò ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n, á di aró, á wá ṣe bí ẹni tí eérú bà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e wọnú omi, kí ẹ máa pààrọ̀ omi títí tí kò fi ní pọ́n mọ́. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí ọṣẹ ń pa aró yìí. Bí ó bá gbẹ tán, á tún dúdú sí i ní ọjọ́ kejì.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Abọ́ tí ẹ bá lò kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí omi bátìrì tàbí ásíìdì líle kankan dé ibi tí potassium ferricyanide wà, nítorí gáàsì olóró lè jáde lára rẹ̀. Ọ̀nà fàdákà ti Talbot náà ṣì wà, ó sì rẹwà púpọ̀, àmọ́ silver nitrate wọ́n, ó ń sọ ọwọ́ di dúdú, ó sì lè fọ́ ojú. N kò gbà pé kí a fi lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ewé wo ni kí á yà? Ẹ rántí ohun tí Hooker sọ. Ewé akòko yóò ní etí tó dára ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á funfun. Ewé rinrin ni mo fẹ́ràn jù, rinrin tó ń hù lẹ́bàá ògiri àti létí kànga, tí a sábà máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ara ewé rẹ̀ àti igi rẹ̀ kọjá, nítorí náà ó ń jáde pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìtàkùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ dára, òdòdó koríko dára, gbòǹgbò ojúoró tí wọ́n bá fà yọ lójú ọ̀sà dára púpọ̀. Patanmọ́ ní ìṣòro tirẹ̀: ó ń pa ojú dé lọ́gán tí ọwọ́ bá kàn án, àfi kí ẹ jẹ́ kó tún ṣí kí ẹ tó fi ìwé tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí kò bá sì rí kẹ́míkà rà lè ṣe anthotype. Zóbò tó pọ́n dáadáa, omi ẹ̀fọ́ tí a gún, tàbí ata ilẹ̀ pupa tí a rẹ sínú ọtí líle, ẹ fi kun pépà, ẹ gbé ewé lé e. Ata ilẹ̀ pupa lè ṣe tán láàárín wákàtí mélòó kan. Omi ẹ̀fọ́ àti zóbò lè gba ọjọ́ púpọ̀. Ibi tí oòrùn bá kàn á ṣí, abẹ́ ewé á wà bó ṣe wà. Àwòrán yìí kò ní dúró títí láé, nítorí kò sí ohun tí ń dá a dúró. Inú ìwé tàbí àpótí ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju cyanotype lọ.

Ẹnì kan wà tó so fọ́tò àti ewé Yorùbá pọ̀ nínú ayé ara rẹ̀. Pierre Verger, ará Faransé, ti di fọtógiráfà tó gbajúmọ̀ kó tó dé Salvador ní Bahia, ní Brazil, ní ọdún 1946. Nínú ìwádìí rẹ̀ láàárín Bahia àti ilẹ̀ wa, ó di babaláwo ní Kétu ní ọdún 1953, ó sì ń jẹ́ Fátúmbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gba orúkọ ewé àti ìlò wọn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo, títí tó fi tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní ọdún 1995, ọdún kan kó tó kú. Ewé ni ó pe àkọlé rẹ̀. Ohun tó jẹ mí lọ́kàn nínú iṣẹ́ yẹn ni pé orúkọ ni ó gbé síwájú: orúkọ Yorùbá àti ti Látìn. Atkins ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwòrán ewé tí kò ní orúkọ, ẹni tó bá wá lẹ́yìn kò ní mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Fóònù lè ya ewé ọgọ́rùn-ún láàárín wákàtí kan, kí ẹni tó yà wọ́n má sì lè dárúkọ méjì nínú wọn. Iṣẹ́ Herschel kò gba irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí o wá ewé náà, kí o já a, kí o wo ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí o tẹ́ ẹ, kí o tún un tẹ́ nítorí ẹ̀ka kan bo ìkejì, kí o sì dúró tì í lóòrùn. Láàárín àsìkò yẹn, ọmọ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yóò bi ọ́ pé kí ni wọ́n ń pe eléyìí. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ìyá àgbà tó wà nínú ọgbà mọ̀ ọ́n, lékuléja tó wà lọ́jà mọ̀ ọ́n, ó sì lè ní orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Ìjẹ̀bú tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pè é ní Èkìtì. Gbogbo rẹ̀ ló yẹ ní kíkọ.

Mo ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tó ń darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ mú àwọn ọmọ jáde sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n já ohun tó ń hù níbẹ̀, kí wọ́n yà á lóòrùn, kí ẹ sì di àwọn pépà náà pọ̀ sí ìwé kan tí yóò wà ní ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ bá mi rí i pé wọ́n kọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan sórí pépà olóróró kí wọ́n tó gbé e sóòrùn, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti já a, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn.